Ta Ló Já A?

Nígbà tí ìròyìn kàn mí pé AOL, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, ti pa iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì orí wáyà fóònù tirẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2025, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn náà ni mo lọ tú àpótí kan, mo sì mú ìwé kékeré kan tí eruku ti bò jáde níbẹ̀. Inú ìwé yẹn ni mo kọ gbogbo ìyà tí módẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń gba orí wáyà fóònù gbé kọ̀ǹpútà dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, fi jẹ mí ní 1999 sí, oṣù méjì gbáko. Àwọn kan ṣì wà tó jẹ́ pé wáyà fóònù nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn mìíràn wà tó kàn fẹ́ràn láti máa jí kọ̀ǹpútà àtijọ́ dìde. Tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń wọlé, tó ń já, tó tún ń wọlé, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi kí ẹ tó náwó.

Fáìlì kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mẹ́gábáìtì mẹ́ta péré ni. Lóde òní, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti wọlé, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ó máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí nǹkan bá tilẹ̀ ń lọ geere. Mo jókòó tì í, mò ń wo ìlà búlúù yẹn bó ṣe ń gùn díẹ̀díẹ̀. Ó ku bí ìka kan kó kún ni ohun gbogbo bá dákẹ́, ni àkọlé kékeré bá yọ pé láìnì ti já. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó já ní ìdajì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ wọlé rárá. Orí àga ni mo sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ìbínú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo di ẹ̀bi ru ilé-iṣẹ́ tó ń fún mi ní íntánẹ́ẹ̀tì. Mo pè wọ́n, mo sì jágbe mọ́ ọmọkùnrin tó gbé fóònù. Ó fi sùúrù dá mi lóhùn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ńbà wo ni kọ̀ǹpútà yín gbé jáde nígbà tí kò wọlé?" Èmi ò wo nọ́ńbà kankan. Mo ti tẹ OK kí ojú mi tó kà á. Ohùn mi wá sílẹ̀ lójijì.

Nọ́ńbà tí Windows ń gbé jáde kì í ṣe ọ̀ṣọ́. 680 ń sọ pé módẹ̀mù ò gbọ́ ohùn láìnì rárá, nítorí náà wáyà inú ilé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. 676 ń sọ pé ọwọ́ wọn dí lọ́hùn-ún. 678, kò sẹ́ni tó gbé e. 691, orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà ni ẹ kọ gbòdì, ẹ má fọwọ́ kan wáyà. Ká ní mo ti mọ èyí lọ́jọ́ kìíní ni, ìwé yìí ì bá má tó ojú ewé méjì.

Àṣìṣe kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo gbà pé Windows 98 ló bàjẹ́, ni mo bá nu gbogbo rẹ̀ dànù, mo gbé òmíràn wọlé látìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo parí ni mo tó mọ̀ pé díráfà módẹ̀mù mi, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows mọ̀ ọ́n lò, ò sí nínú sídíì Windows, dísìkì tó bá a wá sì ti sọnù. Ibo la ti ń rí díráfà? Orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí la fi ń dé orí íntánẹ́ẹ̀tì? Módẹ̀mù. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó lásán kí n tó rí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí mo ti gbà á sínú flọ́pì, dísìkì pẹlẹbẹ ayé ìgbà yẹn. Láti ọjọ́ náà ni díráfà mi ti wà nínú flọ́pì méjì, níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí flọ́pì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fọkàn tán.

Ó tún ń já.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi owó ṣe é. Mo ra módẹ̀mù tuntun, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, mo sì fi èyí àtijọ́ tó máa ń jókòó sórí tábìlì ta ẹnì kan lọ́rẹ. Mo sọ fún un pé òkú ni, pé tó bá rí nǹkan fi ṣe kó máa fi ṣe é. Lálẹ́ àkọ́kọ́, módẹ̀mù tuntun kọ ọ́ síbẹ̀ pé 115,200. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tan ẹ̀yin náà jẹ. Ìyára tí kọ̀ǹpútà fi ń bá módẹ̀mù sọ̀rọ̀ ni, kò kan ohun tó ń lọ lórí wáyà. Nígbà tí mo ka ìwé tó bá a wá, tí mo rí àṣẹ tó ń mú un sọ òtítọ́, 31,200 ló kọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà yìí, torí ẹ̀rí gbogbo wà nínú rẹ̀, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà. 56K tí wọ́n kọ sára páálí módẹ̀mù túmọ̀ sí bíìtì 56,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bíìtì 8 ló ń di báìtì kan, ìyẹn ni pé kílóbáìtì 7 ni òpin rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dé òpin yẹn. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó de agbára iná orí wáyà fóònù ò jẹ́ kó kọjá 53,333. Ẹni tó bá ń rí nǹkan bíi 44,000 sí 50,000, kó lọ fọkàn balẹ̀. Ìlànà V.90 tó jáde ní 1998 ń gun àkàbà tirẹ̀ ní 1,333, 1,333: 45,333, 46,667, 48,000. V.34 tó ṣáájú rẹ̀ ń gun tirẹ̀ ní 2,400: 28,800, 31,200, 33,600. Tẹ́ ẹ bá ti rí nọ́ńbà náà, ẹ ti mọ àkàbà tó gùn. 31,200 tèmi túmọ̀ sí pé módẹ̀mù ti gbìyànjú V.90, ó rí i pé láìnì ò gbà á, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sórí V.34. Módẹ̀mù ń sọ fún mi pé wáyà ló ń dá òun lóró. Èmi sì ń ra módẹ̀mù.

Ìyàwó mi ló gbà mí. Kò mọ nǹkan kan nípa módẹ̀mù, ìráhùn mi ló sú u. Ó ju ìwé kékeré kan sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ yé pariwo sí mi létí, ẹ máa kọ ọ́ síbẹ̀." Mo fa ìlà sí i, mo ṣe àyè márùn-ún: ìgbà tó wọlé, ìyára, ìgbà tó já, ojú ọjọ́, àti èyí tó kẹ́yìn tí mo fi ìbínú kọ àkọlé rẹ̀: Ta ló já a? Mo tún fi òfin de ara mi pé nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa yí padà lóòjọ́. Òfin yẹn ló le jù. Ọwọ́ á máa yún èèyàn láti yí mẹ́ta pọ̀, tó bá wá dáa, kò ní mọ èyí tó dáa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó bá sì burú sí i, ó di pé kó tún wo ọ̀run.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo rí i pé àwọn kan já ní ogún ìṣẹ́jú gan-an, kò lé, kò dín. 7:10 sí 7:30. 9:02 sí 9:22. Ohun tó bàjẹ́ kì í wo aago! Mo lọ tú sẹ́tìnì módẹ̀mù, mo bá a níbẹ̀: wọ́n ti fi àmì sí i pé kó já bí èèyàn ò bá ṣe nǹkan kan fún ìṣẹ́jú 20. Èmi tí mo máa ń ṣí ojú ewé gígùn, tí màá máa kà á jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ ti gbà pé mo ti sùn lọ. Mo yọ àmì náà. Ìdá kan nínú ìṣòro mi kú lọ́jọ́ yẹn, láìná kọ́bọ̀.

Àwọn mìíràn ń já láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ Àìkú ló sì pọ̀ jù. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó rántí ẹni tó máa ń pè wá lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìyá mi ni. A ti gba ètò kan lórí fóònù wa, èyí tó jẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá ń pè nígbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á dún "pí" létí rẹ̀. Èèyàn gbọ́ pí, ó mú un mọ́ra. Módẹ̀mù gbọ́ pí, ó rò pé ẹni tóun ń bá sọ̀rọ̀ ti kú, ó gbé fóònù lélẹ̀.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti fún un ní sùúrù. Nínú módẹ̀mù, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní S10, ibẹ̀ ni iye àkókò tó máa dúró kó tó já wà lẹ́yìn tí ohùn tọ̀hún bá pòórá, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n sì fi ń kà á. Tèmi wà ní 14. Mo sọ ọ́ di 50, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Ó ran mí lọ́wọ́ nígbà mìíràn, nígbà mìíràn ó tún já. Ohun tó pa á pátápátá ni kóòdù tó ń pa ètò "pí" yẹn fún ìpè kan ṣoṣo. Ní Amẹ́ríkà, *70 ni wọ́n ń tẹ̀ ṣáájú nọ́ńbà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ fóònù yín ni kí ẹ bi. Ẹ má sì gbàgbé kọ́mà. Èmi kọ kóòdù náà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà gbuurugbu, ni módẹ̀mù bá ń tẹ nọ́ńbà kí láìnì tó dún padà, odidi alẹ́ kan la sì fi ń pe ibi tí kò sí. Kọ́mà kan máa ń mú un dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Méjì ni mo fi síbẹ̀.

Ìyá mi wá ń pè, ọwọ́ wa ń dí. Ọ̀sẹ̀ kejì ló rí mi bá wí: "Ṣé o ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́ ni?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí. A fohùn ṣọ̀kan pé alẹ́ ọjọ́ Àìkú di tirẹ̀, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ti fóònù kejì tó wà nínú yàrá ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé e nígbà tí módẹ̀mù wà lórí láìnì, ó parí. Mo lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọmọ mi kékeré tí kò tíì mọ̀wé kà ṣì ń gbé e, torí ó fẹ́ràn igbe tó ń gbọ́ níbẹ̀. Mo yọ fóònù náà kúrò.

Èyí tó kù nínú ìwé náà ò ní àkókò tó yè kooro. Ó lè já láàárọ̀, ó lè já lóru. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ wáyà fóònù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí mo ti mọ̀ fún un, V.90, S10, 31,200. Ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín lánàá?"

"Ó rọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó ló já?"

Mo ṣí ìwé. "Ẹ̀ẹ̀méje."

"Ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ ńkọ́?"

Mo ń ṣí i sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan. Gbogbo rẹ̀ wà níwájú mi láti ọjọ́ yìí wá, lábẹ́ àyè tí mo pè ní ojú ọjọ́, tí mo kàn ń kọ torí kí ìwé lè kún.

"Tí mo bá ti gbé fóònù lélẹ̀, kí ìwọ náà gbé e lélẹ̀, kí o tún gbé e sétí, kí o tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo kí ohùn láìnì lè dákẹ́. Di etí kejì. Kí o wá sọ ohun tí o gbọ́ fún mi."

Ó yẹ kó pa rọ́rọ́. Ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí èèyàn ń rìn lórí ewé gbígbẹ, tó dúró, tó tún rìn. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, ohùn wa ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo pè é padà, ẹ̀gbọ́n ní kí n yọ gbogbo fóònù ilé, kí n gbé kọ̀ǹpútà lọ síbi tí wáyà ti ń wọ ilé láti òde, kí n fi wáyà kúkúrú so ó níbẹ̀ tààrà. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn wúwo bí òkúta ọlọ. Mo gbé ti ojú rẹ̀ lọ, mo padà wá gbé ikùn rẹ̀, mo tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn bí ẹni tó ń kí ọba. Módẹ̀mù tẹ nọ́ńbà, ó ké, ó fọn, ó dákẹ́. 46,667. Òjò sì ń rọ̀ o.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọkùnrin tí mo jágbe mọ́ yẹn, Windows tí mo nù dànù, módẹ̀mù tí mo pè lókùú, kò sí èyí tó ṣẹ̀ mí nínú wọn. (Tó bá jẹ́ pé ariwo náà ti wà níbi tí wáyà ti ń wọlé, ti ilé-iṣẹ́ fóònù nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, ẹ sọ pé ariwo ń dí yín lọ́wọ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ má fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣíwájú, torí ọ̀rọ̀ sísọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé àwọn ń tà.)

Mo wá ń tọ wáyà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà sí yàrá. Ó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wáyà iná sì nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì dì mọ́ra bí ìbejì. Mo yà wọ́n. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ògiri ti máa ń rin bí òjò bá rọ̀, mo rí téèpù dúdú kan tí wọ́n wé ní ìwékuwèé. Mo tú u. Wáyà méjì tí wọ́n fi ọwọ́ lásán lọ́ pọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bàbà inú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló ń rú bí ẹfun, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo mọ ẹni tó lọ́ ọ. Ní ọdún méjì ṣáájú, nígbà tí wáyà ò dé ibi tí mo fẹ́ gbé tábìlì sí, mo lọ́ ọ pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, mo wé téèpù mọ́ ọn, mo sì pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo ṣí ìwé, mo lọ sí àyè Ta ló já a?, mo kọ orúkọ ara mi láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Wáyà tuntun kan ṣoṣo tí kò ní oríkèé ni mo fi rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti lọ́ okùn inú rẹ̀ mọ́ra láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, torí wáyà pẹlẹbẹ gígùn máa ń gba ariwo mọ́ra.

Mo rò pé ó tán. Kò tán, torí mo ti fi owó ra ìṣòro mìíràn wálé. Bí fáìlì bá ń wọlé, tí mo bá mi máòsì, ohun gbogbo á dì. Tí mo bá mi ín pẹ́, láìnì á já. Ó gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta kí n tó rí i pé COM1 ni máòsì mi wà, COM3 ni módẹ̀mù tuntun wà (COM ni ẹnu ọ̀nà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀), IRQ 4 sì ni àwọn méjèèjì ń lò. IRQ ni agogo tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi ń pe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Àwọn méjì ń lu agogo kan náà, ọpọlọ ò mọ ẹni tóun ń dá lóhùn. Mo pa COM2 ti ara kọ̀ǹpútà nínú BIOS, ìyẹn sẹ́tìnì ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tó wà ṣáájú Windows, mo yí jọ́ńpà, ìdè kékeré tí wọ́n fi ń yan sẹ́tìnì, orí módẹ̀mù kó lè bọ́ sí COM2, IRQ 3. Ó tán. Módẹ̀mù àtijọ́ ò fi irú èyí dán mi wò rí. Ẹni tí mo ta á lọ́rẹ sì ń lò ó, ó ní kò já rí. Mi ò lójú tí mo lè fi gbà á padà.

Ohun kan ṣì yà mí lẹ́nu títí dòní. Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe yìí, ọjọ́ òjò ńlá mìíràn á wọlé ní 49,333, á sì já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí wáyà òde náà ò mọ́ tán. Ni mo bá fi agídí mú un lọ́ra. Nínú sẹ́tìnì módẹ̀mù, àyè kan wà fún àṣẹ àfikún. Mo kọ AT+MS=V34 síbẹ̀ (tiyín lè yàtọ̀, ìwé tó bá módẹ̀mù yín wá ni kí ẹ wò), kó má tilẹ̀ gbìyànjú V.90 mọ́. Ó ń wọlé ní 33,600 tàbí 31,200, kì í sì í já. Nọ́ńbà tí mo ti ń sá fún láti oṣù méjì wá ni mo wá ń fọwọ́ ara mi fà wá. Fáìlì tó rọra wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣáà dáa ju èyí tí a ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ.

Tí mànàmáná bá ń kọ, ẹ yọ wáyà fóònù náà kúrò lẹ́yìn módẹ̀mù. Pípa iná nìkan ò tó, ẹnu wáyà fóònù ni ààrá máa ń gbà wọlé pa á.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé náà rèé: ó wọlé ní 6:05, 48,000, òjò winniwinni, ó jáde ní 9:40. Lábẹ́ Ta ló já a?, mo kọ ọ́ pé: èmi ni, Màmá fẹ́ pè.